Téèpù Tí Kò Ní Orí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Lẹ́tà wọn dé. Akọ̀wé àjọ eléré ìdárayá fúnra rẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn. Ìlà mẹ́rin péré ni. Wọ́n kí mi, wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun tí mo ti ṣe, wọ́n wá ní bí mo bá ṣì fẹ́ kí orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n máa kó lọ sí ìdíje ńlá, àfi kí n fo mítà 13.80 nínú ìfò onígbésẹ̀ mẹ́ta níbi ìdíje àṣàyàn ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àga kan wà fún mi ní ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti ń pín aṣọ fún àwọn eléré.

Èmi tí mo fo 14.22 lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí góòlù mi wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àwọn ìbejì. Wọ́n fẹ́ kí n wá máa bi àwọn ọmọ kéékèèké pé, "Sáìsì mélòó lò ń wọ̀?"

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Iṣan gìgísẹ̀ ọ̀tún mi já ní bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, dókítà rán an bí ẹní rán ṣòkòtò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù. Bàbá Síwájú ní kí n ra ìwé kan kí n máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, torí orí mi ń jò. Òun ló ti ń kọ́ mi ní fífò láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó mọ bí orí mi ṣe ń jò tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gé ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó kọ 13.80 sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ó kéré sí èyí tó o ti fò rí," ó ní. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ẹni tí kò fò rí ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó kọ ọ́ sára ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Orí téèpù tí a fi ń wọn ìfò ti já. Ọ̀gá Koríko tó ń tọ́jú pápá ló gun ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, níbi tí èmi fúnra mi tẹ́ ẹ sí tí mo gbàgbé ẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó mú ègé kékeré náà dání bí ẹni tó pa adìẹ aládùúgbò. "Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé okùn lásán ni."

Bàbá Síwájú fi rúlà wọn èyí tó lọ. Ogún sẹ̀ǹtímítà géérégé. Ó ní, "Kò bàjẹ́. Orí ogún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ohun tó bá sọ, ká ṣáà yọ ogún níbẹ̀." Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀: YỌ OGÚN. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. A tọrọ téèpù tuntun ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

(Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe Bàbá Síwájú ní "ó". Lójú ayé, "ẹ̀yin" ni, kí n sì kúnlẹ̀ díẹ̀ sí i.)

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

Òjò látàárọ̀. Kò sí pápá. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan gun àtẹ̀gùn ilé wa, ìpele méjìdínlógún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò mí títí. "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹsẹ̀ kan sọnù ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mò ń wá a lọ sókè."

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Ẹsẹ̀ kò dùn mí. Ìbẹ̀rù ló ń dùn mí. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ fi gbogbo ara lé ọ̀tún yìí, mo máa ń gbọ́ ìró tó ṣe lọ́jọ́ tó já. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Mo fò lónìí. Ìfò gidi, pẹ̀lú eré kíkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí iṣan ti já. Ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, iyanrìn. Nígbà tí ọ̀tún kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì mo dijú, mò ń retí kí nǹkan já. Nǹkan kan ò já. Mo jókòó sínú iyanrìn, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó wó lulẹ̀ tí kò ṣèṣe.

Mo fi ìṣó kan orí téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí mo balẹ̀ sí. Bàbá Síwájú bẹ̀rẹ̀ níbi pákó tí mo ti gbéra fò, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á, ó yọ ogún. 13.49.

"Síwájú!" ló pariwo. Ohun tó ń pariwo láti ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn, bóyá mo fò ó dáadáa tàbí mo fò ó burúkú. Ibẹ̀ náà la ti mú orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

13.57! Oòrùn dára, atẹ́gùn kò pọ̀. Bàbá Síwájú gbé bíríkì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn, síbi 13.50 gẹ́lẹ́. Ó ní bíríkì yẹn ni ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tí kò bá kọjá rẹ̀ ìta ló wà. Màá sùn dáadáa lálẹ́ yìí, mo ti mọ̀ kí n tó sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kejì

Bàbá Síwájú bẹ̀rẹ̀ kó gbé àpò iyanrìn, kò lè nàró mọ́. Èmi àti Ọ̀gá Koríko la jọ gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún oṣù méjì. Ó ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ jà lójú wa: "Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti ń gbé ẹ kiri, òní lo wá rí dójú tì mí."

Ta ló máa wá máa ka téèpù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Bàbá Ìbejì ti ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí oníbàárà máa ń pọ̀ jù, ó wá kà á fún wa. Mi ò rò pé ó lè ṣe é. Ó fi àtàńpàkò tẹ ojú ibi tí téèpù ti já, ó rẹ́rìn-ín. "Ti ṣọ́ọ̀bù mi náà ò lórí. Ọdún kẹta rèé."

Bàbá Síwájú jókòó sórí àpótí, ìwé lórí orúnkún. "Télọ̀, ṣáà máa pè é sókè kí n gbọ́. Kíkọ di tèmi."

Èmi mú orí téèpù nínú iyanrìn, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ níbi pákó, Bàbá Síwájú ń kọ ọ́. Ohùn ọkọ mi kì í dé ọ̀dọ̀ mi níbẹ̀, inú ìwé Bàbá Síwájú ni mo ti ń mọ iye tí mo fò. 13.39. Ara ò tíì yá lónìí ni.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

13.41. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo kọjá bíríkì dáadáa nígbà tí mo balẹ̀, mo ti ń yọ̀ kí wọ́n tó kà á. Ó dájú pé ẹni tó ń tú iyanrìn ló ti sún bíríkì náà. Bàbá Síwájú ní kí n gbé e padà síbi tí téèpù bá wí. Mo gbé e síwájú díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Báńdéèjì ti gbówó lórí. Mo fọ ti àná, mo sá a sórí wáyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

13.44. Bàbá Síwájú ní kí n sáré sí i, mo sáré sí i. Ó ní kí n gbé orúnkún sókè, mo gbé e. Ó ní kí n tètè máa sùn, mo sùn pẹ̀lú àwọn ìbejì ní aago mẹ́jọ. Láti 13.57 ni mo ti ṣubú, mi ò sì mọ ohun tí mò ń ṣe tí kò dára. Ara mi ń sọ pé mo ń le sí i. Téèpù ní irọ́ ni.

Gbogbo ẹni tó bá rí mi ládùúgbò ń sọ pé mo ti ń dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo lọ mú àwọn ìbejì lọ́dọ̀ Màmá mi. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ń fò: ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, ìrọ̀rí. Kẹ́yìndé ń jan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe fáùlù fún un, ó sunkún.

Màmá ní, "Má kánjú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi."

Mo ní, "Màmá, ìgbín ò gba lẹ́tà ọ́fíìsì."

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Bàbá Síwájú ti sọ pé òní la máa fò kẹ́yìn kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Lẹ́yìn òní, ìsinmi àti eré díẹ̀díẹ̀, kó má baà di pé a ná agbára tán sórí pápá tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nítorí náà, ohun tí mo bá ní, kí n kó o jáde lónìí.

Mo fò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Láti ibi àmì tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ eré títí dé pákó, gbogbo ìṣísẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ, mi ò ronú kankan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jókòó sáàárín pákó. Ọ̀tún kejì gùn, kò bẹ̀rù, àfi bíi pé iṣan yẹn ò já rí. Òsì gbé mi lọ. Ní òfuurufú mo ti mọ̀. Láti ọdún mẹ́jọ, mi ò tíì fò ó báyẹn. Mo kọjá bíríkì, mo balẹ̀, mo gbọ́ tí Ọ̀gá Koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti wò mí.

Mo kan ìṣó mọ́ orí téèpù, Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ níbi pákó.

"Mẹ́tàlá àti mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Bàbá Síwájú kà láti inú ìwé rẹ̀.

13.61.

Mo jókòó síbẹ̀, mo gbé orí lé orúnkún. Ká ní mo fò ó burúkú ni, ǹ bá sọ pé ó ṣì kù nínú mi. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan tó kù. Mo fò ó dé ibi tí mo lè fò ó dé, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlógún dín sí ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo ń gbọ́ tí Bàbá Síwájú ń sọ fún Bàbá Ìbejì lẹ́yìn mi pé, "Ó kéré tán, eré yẹn péye. Wọ̀n ọ́n fún mi láti pákó dé ibi àmì, ká má gbàgbé." Wọ́n wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ń pè é, èkejì ń kọ ọ́. 34.80. Mi ò gbójú sókè.

Lójú ọ̀nà ilé, Bàbá Ìbejì ní, "Ó dára púpọ̀ lójú tèmi o."

Mo ní, "Kí lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní, "Mẹ́tàlá àti mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo fò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń wá ni ẹsẹ̀ mi ti wúwo."

Ó ń rìn lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní wá mọ́."

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ wa báyìí, àwa méjèèjì ń rìn yí i ká. "Ẹ káàárọ̀." "Káàárọ̀." "Oúnjẹ wà nílẹ̀." "O ṣé."

Mo kọ lẹ́tà sí akọ̀wé pé mo gba àga ọ́fíìsì náà, kí wọ́n má wulẹ̀ fi mí sínú ètò ìdíje. Ó jáde dáadáa, kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Mo máa fi ránṣẹ́ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Mi ò fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Mo wọ bàtà oníìṣó mi láti fi sáré díẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀tún mi kan nǹkan rírọ̀. Ẹnì kan ti rán tìmùtìmù tíńtín sínú rẹ̀, awọ lókè, fóòmù lábẹ́, ọ̀nà abẹ́rẹ́ tó wẹ́ bí irun. Mo mọ ọwọ́ tó rán an. Nígbà tí mo délé, ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Àìkú.

Mo sáré ogójì mítà lẹ́ẹ̀mẹfà. Gìgísẹ̀ ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Mo lọ bá Bàbá Ìbejì ní ṣọ́ọ̀bù kó tó pa á dé. 13.80 ṣì wà lára ògiri. Mo rò pé yóò ti nù ún kúrò.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́la."

Ó ń ká òwú. "Ṣé kí ẹsẹ̀ ẹ tún lè wúwo?"

"Ẹ wá náà."

"Màá jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, kí orí burúkú mi má baà dé ọ̀dọ̀ ẹ." Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú oníbàárà kan tó wá gba kóòtù. Ọkùnrin yẹn ní òun á padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, gìgísẹ̀ wà nínú omi yìnyín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn.

Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́rí, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ìgbà tóun wà ní kíláàsì kẹfà lòun ti rí mi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó rò pé oríyìn ni. Ojú ọjọ́ mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn wa. Àwọn adájọ́ ti tẹ́ téèpù tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eré, tuntun, pẹ̀lú orí rẹ̀. Mo fi àmì mi sí 34.80 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé Bàbá Síwájú.

Ìfò kìíní: àsíá pupa. Gbogbo ẹsẹ̀ mi ló kọjá pákó, kì í ṣe ọmọ ìka.

Bàbá Síwájú wà níbi irin tí wọ́n fi pààlà fún àwọn kóòṣì. Ó ní, "Ara ẹ ló gbóná jù. Má fọwọ́ kan àmì yẹn. Eré tí a wọ̀n lọ́jọ́ tó pé ni, ìwé kì í purọ́. Ìwọ ni kó o rọra."

Mo rọra. Ìfò kejì: mo ń fà á sẹ́yìn látàárín ọ̀nà, mo ń gé ìṣísẹ̀ kúrú bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn, síbẹ̀ àtàńpàkò ẹsẹ̀ mi kọjá. Àsíá pupa. Ìfò mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń yan àwọn mẹ́jọ tó máa tẹ̀ síwájú. Ọ̀kan ló kù fún mi. Mo ti rí ara mi nínú àga ọ́fíìsì yẹn, mo ti rí aṣọ tí mo ń ká.

Nígbà tí mo dé ibi irin, Bàbá Ìbejì ti wà níbẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá, ó ń mí gúlegúle. Kò wò mí. Bàbá Síwájú ló ń wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó lẹ ní kó fi àmì sí?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ọgọ́rin."

"Márùndínlógójì ni mo pè fún yín lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá yọ ogún."

Bàbá Ìbejì tẹ̀ síwájú. Ó gbá irin mú. "Bàbá, èmi náà ti yọ ọ́ kí n tó pè é."

"O ti yọ kí ni?"

"Ogún. Téèpù tí ò lórí, ẹni tó ń kà á ló ń yọ ọ́. Bí gbogbo télọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí iye tẹ́ ẹ kà bá dín sí tèmi, mo rò pé atẹ́gùn lẹ yọ; mi ò mọ̀ pé ogún kan náà ni."

Bàbá Síwájú ṣí ìwé rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. YỌ OGÚN, ìlà méjì lábẹ́. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ejò nínú àpò ara rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Lọ́dún mẹ́tàdínlógún, mi ò tíì rí orí ọkùnrin yẹn lórí pápá rí.

"Àṣé mo ti mú àmì yẹn sún mọ́ pákó jù," ó ní. "Ọmọ yìí ò fò ó burúkú. Èmi ni mo tì í kọjá pákó."

Kálukú wọn ló ṣọ́ra. Kò sí ọ̀lẹ láàárín wọn. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláìbìkítà, ọ̀rọ̀ ì bá ti dọ́gba.

Wọ́n ti ń pe orúkọ ẹni tó ṣáájú mi. Mo ti yí padà kí n lọ fa àmì sẹ́yìn nígbà tí Bàbá Ìbejì mú mi lápá.

"Ìyá Ìbejì, dúró. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wá, bákan náà la ṣe kà á. Mọ́kànlélọ́gọ́ta tí Bàbá kà lọ́jọ́ yẹn, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni." Ó sún mọ́ etí mi. "O ti fò ó. O ti fò ó ná, lójú gbogbo wa."

Mo sún àmì náà sẹ́yìn ní ogún sẹ̀ǹtímítà. Mo dúró síbẹ̀. Mi ò gbàdúrà tó gùn. Mo kàn sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó lọ síbi tó ti dé rí.

Ìfò kẹta: àsíá funfun. 13.72. Mo wọ inú àwọn mẹ́jọ.

Ìfò kẹrin: 13.79. Mo wo nọ́ḿbà yẹn lára bọ́ọ̀dù títí, bóyá mẹ́sàn-án yẹn máa yí padà. Kò yí. Bàbá Síwájú gbé ìka kan sókè sí mi: sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ̀rín ń pa á, mo bínú sí i.

Ìfò karùn-ún bàjẹ́, ìkánjú ni, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n tó fò kẹfà, mo bọ́ bàtà ọ̀tún, mo fi ìka tẹ tìmùtìmù tó wà nínú rẹ̀, mo tún wọ̀ ọ́. Mo wòkè. Bàbá Ìbejì ti padà sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́ lóòótọ́, ó dúró sórí bẹ́ǹṣì. Mo sáré. Ọ̀tún, ọ̀tún, òsì. Iyanrìn wọ ẹnu mi.

Adájọ́ gbé funfun sókè. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí pé mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

13.83.

Oníríbọ́ọ̀nù ló gba ipò kìíní pẹ̀lú 13.95. Èmi ni mo gba ipò kejì. Ó tún kúnlẹ̀ kí mi, mo fà á dìde, mo sọ fún un pé a jọ ń lọ ni, kó tètè wá ẹni tí yóò máa bá a ka téèpù, ẹyọ ẹnì kan. Kò yé e. Bàbá Síwájú ń pariwo "Síwájú!" láìsí ẹnikẹ́ni tó ń fò mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹrin

Mo mú bírò pupa, mo jókòó ti ìwé yìí láàárọ̀. 13.39, mo kọ 13.59 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 13.41, mo kọ 13.61. 13.44, mo kọ 13.64. Mo ń gòkè láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mo ṣubú. Bíríkì yẹn náà, kò sẹ́ni tó sún un. Èmi gangan ni mo sún un.

Mo wá dé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Mo ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ látòkè délẹ̀, títí dé ohun tí mo sọ fún un lójú ọ̀nà. Lójú ewé yẹn ni mo ti ní kò sí ohun kankan tó kù nínú mi. Mo kọ 13.81 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò pa ìyókù rẹ́. Kó wà níbẹ̀ kí n máa rí i.

Lẹ́tà tí mo kọ fún akọ̀wé já bọ́ láti inú ìwé. Àwọn ìbejì ti fi ya àwòrán kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní èmi ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo ní.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Ọ́fíìsì ní téèpù tuntun á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì kò dúró dè wọ́n. Ó ra téèpù ìránṣọ tuntun, ó gé ogún sẹ̀ǹtímítà lára rẹ̀, láti òdo dé ogún, ó fi ẹ̀rọ rán an mọ́ ojú ibi tí tiwa ti já, ọ̀nà abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ìyókù funfun. Bàbá Síwájú fi ọwọ́ fà á wò, ó ní ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ya ojú ewé àkọ́kọ́ inú ìwé rẹ̀, ó fi fún Ọ̀gá Koríko kó bá òun jù ú nù.

Mo fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́ọ́rọ́wọ́, láti àárín ọ̀nà. Mo di orí yẹ́lò náà mú nínú iyanrìn. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ níbi pákó, ó kà á sókè. Bàbá Síwájú kọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan.